Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ "this shoes"

Bàtà ni mò ń tà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ "this shoes" ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà lórí WhatsApp, àfìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí i, tó bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, 'these shoes' ni o!"

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru etí mi. Bákan náà ni mo ń pe "this" àti "these", torí Yorùbá ò ní "z", kò sì ya "i" inú "this" sọ́tọ̀ sí ti inú "these". Àmọ́ Yorùbá tí mò ń rò nínú gan-an ló ń darí mi. "Bàtà yìí", "àwọn bàtà yìí": "àwọn" ló gbé ọ̀pọ̀, "yìí" ò yí padà. "Wọ̀nyí" wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn nínú ọjà?

Ní báyìí, mo máa ń ro orúkọ nǹkan náà ná. Tí "they" bá lè rọ́pò rẹ̀, "these" ni fún èyí tó wà nítòsí, "those" fún tọ̀ọ́kán. Tó bá jẹ́ "it", "this" tàbí "that" ni. Mi ò gbára lé "s" ìparí mọ́, ó ti tàn mí jẹ rí: "children" ò ní in, síbẹ̀ "these children" ni, "news" ní in, "this news" ni.

"This my bag" ló kù. "Báàgì mi yìí" ni mò ń túmọ̀, "this bag of mine" ló yẹ kí n sọ. Tínú bá ń bí mi, ó ṣì máa ń já bọ́ lẹ́nu mi.