Ọjọ́ ìkẹyìn ní Delhi: láti Jama Masjid dé ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú

Bí ọkọ̀ òfurufú bá máa gbéra ní aago 2 òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá ló yẹ kó o ti wà ní pápákọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n á ka ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mọ́ ọjọ́ ìgbafẹ́, ọkọ̀ á sì ti fò lọ. Òru ni tèmi náà máa gbéra, nítorí náà aago 7 àárọ̀ sí aago 8 alẹ́ péré ni mo ní lọ́wọ́, Old Delhi nìkan ni mo sì lò ó fún. Qutub Minar, ilé gogoro àtijọ́ nì, wà ní gúúsù ìlú lọ́hùn-ún, ibojì ọba Humayun náà kò sí nítòsí. Ẹni tó bá ní òun á pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni ilẹ̀ á ti ṣú u.

Wo ọjọ́ kó o tó jáde. Red Fort, odi ààfin àwọn ọba àtijọ́, kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé. Ọjà èròjà ọbẹ̀ tó wà ní Khari Baoli máa ń dákẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Jímọ̀, èrò ìrun máa ń kún mọ́ṣáláṣí ńlá Jama Masjid. Ọjọ́rú ni mo yàn.

Àdúgbò Paharganj, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè New Delhi, ni mo wọ̀ sí. Mo san owó yàrá tán kó tó di aago 7, mo fi ẹrù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo sì gba ìwé tó ní nọ́ńbà lórí. Ìwé ìrìnnà, owó àti power bank kò kúrò lára mi. Ẹ̀rọ ATM sábà máa ń yọ owó 500 rupee, bẹ́ẹ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́ kì í ní ṣéńjì, nítorí náà mo ti ṣẹ́ ẹ sí 10, 20, 50 àti 100 láti alẹ́ àná. Àwọn ará ìlú ń fi fóònù wo àmì QR sanwó, ṣùgbọ́n àlejò kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn.

Láti ibùdókọ̀ New Delhi, ìdúró kan ṣoṣo ni Chawri Bazar lórí Yellow Line, ọ̀kan nínú ọ̀nà rélùwéè ìgboro (metro), apá Samaypur Badli ni kó o kọjú sí. Báàgì á gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá, ìlà obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, obìnrin nìkan ló sì ni kọ́ọ̀ṣì iwájú pátápátá. Má ju tíkẹ́ẹ̀tì nù, ìwọ á tún fi jáde.

Jama Masjid ni mo kọ́kọ́ lọ nítorí wọ́n máa ń ti àlejò sóde ní aago 12 fún ìrun, ó di aago 1:30 kí wọ́n tó tún ṣí. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì ń bẹ tí kì í ṣí kó tó di aago 11. Ọba Shah Jahan ló kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, láti 1644 sí 1656. Bo orúnkún àti apá. Mú àpò kan dání fún bàtà rẹ, má sì gbàgbé ìbọ̀sẹ̀: bí oòrùn bá ti mú, òkúta àgbàlá yẹn á máa jó àtẹ́lẹsẹ̀.

Red Fort kò jìnnà síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín. Owó àlejò ga gan-an ju ti ọmọ onílẹ̀ lọ, kò sí bó o ṣe lè ná an. Wákàtí kan àbọ̀ tó. Má wá ìtẹ́ ẹyẹ ọ̀kín ní Diwan-i-Khas, gbọ̀ngàn ọba tó wà nínú odi náà: Nadir Shah, ọba Páṣíà, ti kó o lọ ní 1739.

Iwájú odi yẹn ni òpópónà Chandni Chowk ti bẹ̀rẹ̀ lọ dé mọ́ṣáláṣí Fatehpuri. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kì í gbabẹ̀ láàárín aago 9 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà ló kù. (Márúwá tiwa nílé, ilẹ̀ Íńdíà yìí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá.) Kó o tó jókòó, sọ owó tán: bí ẹ bá jẹ́ méjì, iye tí ẹ̀yin méjèèjì máa san ni kó o bi í, kì í ṣe iye ẹnì kọ̀ọ̀kan. Sọ fún un pé o kò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù kankan, torí wọ́n máa ń gba owó lọ́wọ́ olùtajà lórí èrò tí wọ́n bá mú wá. Ẹni tó bá sì ń rán aṣọ òde, kó ṣọ́ra fún Kinari Bazaar. Ìlẹ̀kẹ̀ àti etí aṣọ tó ń dán ibẹ̀ á jẹ wákàtí méjì rẹ kó o tó mọ̀.

Gurudwara Sis Ganj Sahib, ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Sikh, ni mo ti jẹun ọ̀sán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ́ Guru Tegh Bahadur, olórí ẹ̀sìn wọn nígbà náà, lórí ní 1675. Bọ́ bàtà, fi aṣọ bo orí (wọ́n ní èyí tí wọ́n ń yá èèyàn), jókòó sílẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì gba búrẹ́dì. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n má ṣẹ́ oúnjẹ kù. Oúnjẹ gbígbóná báyìí sàn lọ́jọ́ ìkẹyìn ju èso tí wọ́n ti gé sílẹ̀ tàbí omi dídì ìgboro lọ, nítorí inú rírun kì í bá ọkọ̀ òfurufú mu.

Khari Baoli ni mo fi parí rẹ̀. Fi aṣọ bo imú: àpò ata gbígbẹ tí wọ́n ń gbé kọjá á mú gbogbo òpópónà húkọ́. Àwọn alápò ńlá kì í fẹ́ wọn gíráàmù, ìsọ̀ kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni kó o yà sí. Mo ra kànáfùrù, elaichi (cardamom) àti ata dúdú, 250 gíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ní odidi, torí lílọ̀ ló rọrùn láti da nǹkan mọ́. Bí ó bá jẹ́ saffron, bu díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Ojúlówó á máa tú àwọ̀ òféèfèé jáde díẹ̀díẹ̀, okùn rẹ̀ á sì pupa síbẹ̀. Ayédèrú á tú pupa lẹ́ẹ̀kan náà, á wá funfun. Ní kí wọ́n fi ọ̀rá méjì dì í, kó má baà gbórùn sára aṣọ.

Láti ibùdókọ̀ Chandni Chowk padà sí New Delhi, ìdúró méjì ni. Mo gba ẹrù mi. Paharganj wà ní apá kan rélùwéè, Airport Express, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí pápákọ̀, wà ní apá kejì, ìhà Ajmeri Gate, nítorí náà ó di dandan kó o gba orí afárá kọjá. Ẹnì kan á sọ fún ọ pé afárá ti tì tàbí pé ọkọ̀ kò lọ mọ́, á sì fẹ́ mú ọ lọ sí ọ́fíìsì kan. Má dá a lóhùn, máa lọ. Bí ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ náà ń lò dé T3 (Terminal 3) ní pápákọ̀. Má jẹ́ kó kọjá aago 10 alẹ́ kó o tó wọ̀ ọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà T3, ẹ̀ṣọ́ ààbò á gba ìwé ìrìnnà àti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ wò kó o tó wọlé rárá. Tẹ tíkẹ́ẹ̀tì sórí bébà, torí fóònù tí o ti fi ya fọ́tò láti àárọ̀ lè ti kú.