Àwọn Àmì Orí Fóònù àti Kóòdù Tó Wúlò fún Ilé àti Oko

Àwọn ọ̀pá kéékèèké tó wà lókè ojú fóònù ń fi hàn bóyá fóònù ń gbọ́ òpó nẹ́tíwọ̀kì dáadáa. Wọn ò sọ bóyá dátà á yá. Lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ wọn ni kí ẹ wò: E jẹ́ 2G, ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ á lọ níbẹ̀, àmọ́ fọ́tò WhatsApp á falẹ̀. H tàbí 3G sàn díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo fídíò, 4G tàbí LTE ni kó wá. Lọ́jọ́ ọjà, ọ̀pá lè kún kí dátà má wọlé, torí èrò ti pọ̀ lórí òpó kan náà. Ẹ tẹ àmì bàálù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ sì pa á, kí fóònù lè tún nẹ́tíwọ̀kì wá.

Nínú oko tí nẹ́tíwọ̀kì ò dé, àmì bàálù yìí kan náà ni kí ẹ tàn sílẹ̀. Wíwá tí fóònù ń wá òpó kiri ló ń jẹ bátìrì. Tọ́ọ̀ṣì àti aago á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ní Nàìjíríà, láti 2023 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ti mú kóòdù gbogbo wọn bára mu. *310# ń fi owó tó kù hàn, *323# ń fi dátà hàn. Láti fi káàdì sí i, ẹ tẹ *311*, nọ́ńbà inú káàdì, kí ẹ fi # parí rẹ̀. Wọn kì í jẹ dátà, fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì náà ń gbà wọ́n. Bí fóònù bá kọ "invalid MMI code", ẹ wò ó bóyá síìmù tí ẹ fẹ́ gan-an lẹ fi tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tún un tẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160, àlàfo wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹ, ọ tàbí ṣ ẹyọ kan ṣoṣo sí i, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, 70 péré ni yóò gbà. Ohun tó bá lé di àtẹ̀jíṣẹ́ kejì, owó kejì nìyẹn. Èdè wa ni ìyà náà jẹ!

Ẹni tó fi PIN sí síìmù, tó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, PUK, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí síìmù tó ti tì, ni fóònù á béèrè. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni, ó sábà máa ń wà lára páálí tí síìmù bá wá. Ẹ má fojú bù ú: ìgbà 10 tí ẹ bá ṣì í, síìmù kú pátápátá.

Síìmù tí ẹ kò fi pè, tí ẹ kò fi ránṣẹ́, tí ẹ kò ra dátà sí fún oṣù mẹ́fà, ilé-iṣẹ́ lè pa á. Bó bá tún pé oṣù mẹ́fà sí i, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíì, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì yín á sì máa wọlé sọ́dọ̀ ẹni náà. Ẹ fi pe ẹnì kan lóṣooṣù.