Bí mo ṣe mọ̀ pé síǹkì ló jókòó, bàbà ò jókòó

Mólékù tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí ò ṣòro yà sórí ìwé: fẹ́rósíìnì méjì, tí náítírójìn kan ṣe afárá láàárín wọn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá áyọ́ọ̀nù mẹ́tàlì, ìyẹn átọ́ọ̀mù mẹ́tàlì tó gbé ẹrù pósítíìfù, máa wá jókòó sórí náítírójìn yẹn, kó so mọ́ ọn. Irin tí òrùka kábọ́ọ̀nù méjì há mọ́ àárín, bí àkàrà nínú búrẹ́dì, ni fẹ́rósíìnì. Láti 1951 tí Kealy àti Pauson ti kéde rẹ̀ ló ti ń wu àwọn onímọ̀. Ohun tí èmi fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ó lè fi elẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀, kó tún gbà á padà, kó má sì fọ́.

Sísè rẹ̀ ò gba agbára. Mo po ferrocenecarboxaldehyde mọ́ ferrocenylmethylamine, mo wá fi sodium borohydride kún un. Wíwọ̀n fóltéèjì tí elẹ́kítírọ́ọ̀nù fi ń kúrò lára irin ni iṣẹ́ gan-an. Mo fi lẹ́búlẹ́bú àlúmínà dán ojú ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀pá tí iná ń gbà wọ inú omi, títí ó fi ń kọ mọ̀nà bíi dígí, mo fẹ́ gáàsì náítírójìn gba inú acetonitrile, omi tí mo fi yọ́ mólékù náà, kọjá fún ìṣẹ́jú 15, mo sì wọ̀n ọ́n, tí mo ń yí fóltéèjì ní 100 mV ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí àwòrán tí ẹ̀rọ yà, ìgbì kan lọ bí elẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń kúrò, ó sì bọ̀ bó ṣe ń padà, gíga wọn dọ́gba.

Mo kán áyọ́ọ̀nù bàbà sí i. Lójú mi báyìí, omi aláwọ̀ ọsàn di àwọ̀ ewé! Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ pe ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń kàwé gboyè dókítà (PhD). Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Àbúrò, fẹ́rósíìnì lásán ńkọ́, èyí tí kò ní náítírójìn?"

Mo dán an wò. Òun náà yí àwọ̀. Bàbà ò jókòó sórí náítírójìn kankan, elẹ́kítírọ́ọ̀nù irin ló ń já gbà. Nínú acetonitrile, ebi elẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń pa bàbà oní-méjì (èyí tó ti sọ elẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì nù) gan-an, torí pé acetonitrile ń di bàbà oní-kan mú ṣinṣin. Ẹni tó bá ń fi àwọ̀ nìkan jẹ́rìí, kó ṣọ́ra níbẹ̀.

Síǹkì ni mo bọ́ sí, torí òun kì í gba elẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ fẹ́rósíìnì. Àwọ̀ ọsàn ò yí padà, ṣùgbọ́n ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í sún díẹ̀díẹ̀ síhà pósítíìfù: síǹkì ti gbé ẹrù pósítíìfù wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, yíyọ elẹ́kítírọ́ọ̀nù lára rẹ̀ wá le sí i. Fẹ́rósíìnì lásán ò mira.

Ásíìdì náà lè sún ìgbì bẹ́ẹ̀, nítorí náítírójìn ń gba púrótọ́ọ̀nù. Omi tó bá wà nínú iyọ̀ síǹkì sì lè mú púrótọ́ọ̀nù wá. Nítorí náà mo mú kí iyọ̀ síǹkì náà gbẹ dáadáa, mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣì sún.