Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi quad (alùpùpù onítáyà mẹ́rin) sáré nínú aṣálẹ̀

Kò sẹ́ni tó bi mí o, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Kalifọ́níà, tẹ́ ẹ ń wo fídíò Baja 1000, eré tí wọ́n ti ń sá ní Mẹ́síkò láti 1967, tẹ́ ẹ wá ń sọ pé ẹ máa ra quad, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ́kọ́ lọ ra 700cc (bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó nìyẹn) tó ń fò bí ẹyẹ, 400cc ti tó ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ gbé e lọ sí Glamis, ibi òkìtì iyanrìn ní Kalifọ́níà níbẹ̀, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Àsíá orí ọ̀pá gíga tẹ́ ẹ máa rí lẹ́yìn gbogbo quad ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o, òun lẹni tó ń bọ̀ láti òdìkejì òkìtì iyanrìn máa kọ́kọ́ rí, dandan sì ni níbẹ̀.

Táyà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bíi ti mọ́tò, ẹ máa rì ni. Èmi máa ń dín in kù sí bíi 4 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ táyà ṣe le tó), tí ẹ̀gbẹ́ táyà á rọ̀ díẹ̀, géèjì tí wọ́n fi ń wọn táyà mọ́tò ò lè ka ìyẹn dáadáa, ẹ ra èyí tó ń ka afẹ́fẹ́ kékeré.

Ẹ fọ fíltà afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tí mo gbàgbé, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ bí arúgbó, ṣe ni wọ́n fi okùn wọ́ mi dé ibi tá a páàkì sí 😂

Tẹ́ ẹ bá dé góńgó òkìtì, ẹ má fò ó, ẹ dín eré kù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo òdìkejì. Ẹ má dá lọ, ẹ gbé omi tó pọ̀ dání.