Bí interceptor yín bá dákẹ́ lórí session bean

Ẹ̀yin ará wa tí a jọ ń kọ Java l'Ábújá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, àmọ́ nǹkan yìí ò jẹ́ kí n sùn ní Kubwa lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo kọ interceptor (kóòdù tó ń dá ìpè sí method dúró kó tó wọlé) tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó bá fọwọ́ kan owó, mo lẹ àmì rẹ̀, @Audited, mọ́ orí @Stateless bean, ìyẹn session bean, kíláàsì tí server ń bá wa bójú tó. Kò fọhùn, kò sì sí error kankan. Àṣé lílẹ̀ nìkan ò tó, ẹ gbọ́dọ̀ jí i: ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì ètò beans.xml, tàbí kí ẹ fi @Priority sórí kíláàsì interceptor náà, èyí tó bá CDI 1.1 (ìlànà Java tó ń so àwọn bean pọ̀) dé lọ́dún 2013. @Priority ni tèmi, torí ó kárí gbogbo application, ti beans.xml ò kọjá archive (fáìlì JAR tàbí WAR) tirẹ̀.

Mo jí i tán, síbẹ̀ ó ń fo àwọn ìpè kan. this.sanOwo() ló fà á: bean ń pe method ara rẹ̀ láti inú. Ẹnu géètì ni mègáàdì ń jókòó sí. Ẹni tó ti wà ní pálọ̀ tẹ́lẹ̀, kò lè rí i. Ẹ gba SessionContext (ohun tí server fi ń bá bean sọ̀rọ̀), ẹ fi getBusinessObject rẹ̀ gba bean náà láti ẹnu géètì, kẹ́ ẹ tó pe sanOwo lórí rẹ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra: inú transaction (àkójọ iṣẹ́ database tó ń yọrí pọ̀ tàbí tó ń kùnà pọ̀) bean yẹn náà ni interceptor ti ń ṣiṣẹ́. Tí transaction náà bá kùnà, tí owó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ (rollback), àkọsílẹ̀ yín bá a lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ èyí tó kùnà gan-an ni ọ̀gá máa béèrè. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ náà sínú bean mìíràn tó ní REQUIRES_NEW, kó lè ṣí transaction tuntun tirẹ̀.