Reflex gìgísẹ̀ tí wọ́n ní kò sí

Owó tí wọ́n ná lórí ẹsẹ̀ bàbá yìí ló bí mi nínú jù. Ilé ìwòsàn kan kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé reflex gìgísẹ̀ méjèèjì, ìyẹn bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń ta fúnra rẹ̀ bí a bá fi òòlù gbá iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀, kò sí, wọ́n sì ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ta iná sí nẹ́ẹ̀fù, èyí tí owó rẹ̀ ju ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ìtọ̀ lápapọ̀ lọ. Èsì dé, nǹkan kan ò ṣe nẹ́ẹ̀fù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbé e wá fún èmi físíò, oníṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ara àti oríkèé, nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Mo yẹ ẹsẹ̀ náà wò láti òkè délẹ̀, mo sì bá reflex tí wọ́n ní kò sí yẹn níbi tó wà.

N ò ní fi ti apá dá yín dúró. Iwájú ìgbọ̀nwọ́ ń ròyìn C5 àti C6, ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ ń ròyìn C7 (orúkọ gbòǹgbò nẹ́ẹ̀fù tó ń ti ọ̀pá ẹ̀yìn jáde nìwọ̀nyí: C ti ọrùn, L ti ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, S ti ìdí). Ti orúnkún náà rọrùn: kí ẹsẹ̀ máa fì létí bẹ́ẹ̀dì, kí òòlù rọ́bà bọ́ sórí iṣan tó wà lábẹ́ ọmọrí orúnkún, ẹran iwájú itan á fà, ẹsẹ̀ á ta. L3 àti L4 nìyẹn. Gìgísẹ̀ ló máa ń fojú èèyàn gbolẹ̀.

Ẹ wo ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Òòlù tẹ iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ wọnú díẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun sì nà lójijì. Àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín kan wà nínú ẹran yẹn tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n mọ bí ó ṣe nà tó lọ. Wọ́n ránṣẹ́ gba inú nẹ́ẹ̀fù tó gba ẹ̀yìn itan kọjá, títí ó fi wọ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ní S1. Níbẹ̀, fọ́nrán tó gbé ìròyìn wá kan sẹ́ẹ̀lì tó ń darí ẹran náà tààrà, láìsí alágbàtà láàárín. Èsì gba inú nẹ́ẹ̀fù yẹn kan náà padà, acetylcholine, kẹ́míkà tí nẹ́ẹ̀fù fi ń ránṣẹ́ sí ẹran, tú jáde níbi tí nẹ́ẹ̀fù ti pàdé ẹran, ẹran fà, àtẹ́lẹsẹ̀ sì tì sísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ. Àmọ́ ọpọlọ lè dí i lọ́wọ́.

Bàbá nà gbalaja, mo gbá iṣan, kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé bí ẹni tó kọ káàdì ṣe gbá a náà nìyẹn. Bí èèyàn bá nà gbalaja, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣubú síwájú, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ á dẹ̀, òòlù ò sì lè fi iṣan tó dẹ̀ na ẹran. Mo ká orúnkún rẹ̀ díẹ̀, mo yí itan síta, mo fọwọ́ ti iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ sókè títí ọrùn-ẹsẹ̀ fi ṣe igun 90. Mo tún gbá a. Pàbó.

Bàbá ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Bí mo ṣe ń ti ẹsẹ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń gbé e. Mo fi ìka kan ẹran iwájú ojúgun, ó le gbagidi. Bí ẹran iwájú bá sì ti ń ṣiṣẹ́, mùdùnmúdùn ẹ̀yìn á pa ti ẹ̀yìn lẹ́nu mọ́, kí àwọn méjèèjì má baà máa bá ara wọn jà. Ẹ má sọ fún aláìsàn pé kó dẹ ara. Gbólóhùn yẹn gan-an ló ń mú kí ara le. "Bàbá, ẹ gbé gbogbo ìwúwo ẹsẹ̀ yín lé mi lọ́wọ́" dára jù ú lọ. Ẹran náà rọ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ò dáhùn.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni kí aláìsàn kúnlẹ̀ sórí àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì yọ síta létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúnkún tó gbé bàbá wá ò jẹ́ kó kúnlẹ̀. Kíká nìkan ò dùn ún, nítorí náà mo ní kó dojú bolẹ̀, mo ká orúnkún kí àtẹ́lẹsẹ̀ kọjú sí òkè, mo sì fi ọwọ́ òsì tẹ iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ibi tí iṣan ti tín-ín-rín jù ni kí òòlù bọ́ sí, nǹkan bí ìka mẹ́ta sókè eegun gìgísẹ̀. Ẹni tó bá ń gbá eegun ń lùlù lásán ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ọwọ́ mi. Ojú ò rí i rárá, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Òsì kọ̀ jálẹ̀.

Mo wá lo ọgbọ́n tí Ernő Jendrassik, dókítà ará Hungary, gbé jáde ní 1885, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí àwọn dókítà Erb àti Westphal kọ̀wé nípa reflex orúnkún ní Jámánì. Aláìsàn á fi ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ ara wọn, á sì fà wọ́n síta tagbáratagbára. Bàbá ṣe tirẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n níbi tó dojú bolẹ̀ sí. Agbára tó ń lò lókè á ru sẹ́ẹ̀lì tó ń darí ẹsẹ̀ sókè, àmọ́ kì í pẹ́. Ìgbà tí ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà ni òòlù gbọ́dọ̀ bọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kó fà á títí kí ẹ tó gbá a, àǹfààní rẹ̀ ti lọ. Èmi máa ń gbé òòlù sókè tán kí n tó sọ pé "ẹ fà á". Bàbá fà á, òòlù bọ́, ẹsẹ̀ òsì ti ọwọ́ mi bíi ti ọ̀tún gẹ́lẹ́. Inú mi dùn débi pé mo tún un ṣe láìnídìí.

Mo kọ 1 sí méjèèjì, mo sì kọ ọ́ síwájú ti òsì pé pẹ̀lú ìfàka ni. Láti 0 dé 4 là ń kà á, 2 ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ 0 láìṣe ìfàka. Bákan náà, bí ọ̀tún ṣe jọ òsì ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà lọ. Bí reflex ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá kú, tí ìrora sì ń ti ìdí sọ̀ kalẹ̀ dé ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù, gbòǹgbò S1 ni kí ẹ fura sí. Bí méjèèjì bá kú lára àgbàlagbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń mọ nǹkan lára dáadáa, ó lè jẹ́ ọjọ́ orí lásán. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá kú pẹ̀lú, ẹ bi í léèrè nípa àtọ̀gbẹ, ọtí, àti oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ isoniazid tí wọn ò fi fítámì B6 kún. Nílẹ̀ wa, ẹ bi í nípa oúnjẹ pẹ̀lú: ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun ní Ìbàdàn ṣèwádìí lórí àwọn tí ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oúnjẹ wọn, tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí ìrìn wọn ń ta gbọ̀ngbọ̀n, tí ojú àti etí ń ṣe wọ́n, ó sì ka cyanide, májèlé inú ẹ̀gẹ́, sí i lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí reflex bá pọ̀ jù, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sì ń gbéra sókè nígbà tí ẹ bá ha àtẹ́lẹsẹ̀, bí Babinski, dókítà ará Faransé, ṣe ṣàlàyé ní 1896, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti nẹ́ẹ̀fù ẹsẹ̀. Ọpọlọ tàbí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ni. Kó tètè lọ rí dókítà.

Kí ẹnikẹ́ni tó ní kí aláìsàn lọ sanwó àyẹ̀wò iná, irin tó ń gbọ̀n nígbà 128 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (128 Hz) lórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti fọ́nrán ọ̀rá gíráàmù 10 lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, láti mọ̀ bóyá aláìsàn ń mọ̀ wọ́n lára, ti tó láti kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí.

Ní ti òòlù, èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, irú ti Taylor, fúyẹ́ jù fún gìgísẹ̀. Mo fara mọ́ owó, mo ra Queen Square, ọ̀pá gígùn tí orí rẹ̀ rí roboto. Ìpẹ̀kun ọ̀pá ni kí ẹ dì mú, kí ọrùn-ọwọ́ rọ̀, kí ìwúwo orí òòlù ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kí ẹ tẹ rọ́bà rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó: bí ó bá le, kò ní na iṣan, ara aláìsàn ló máa dùn.