Abẹ́rẹ́ lórí abẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó fá awọ ajá mi wò

Owó tí mo ti ná sórí ẹsẹ̀ Tanímọ̀la, ajá mi, ti kọjá iye tí mo fi rà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ló bá abẹ́rẹ́ tí kò yẹ kí wọ́n gún un rárá lọ. Ìyẹn ló ń dùn mí tí mo fi ń kọ èyí, torí ó dá mi lójú pé àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń gún ajá tiwọn náà báyìí.

Lhasa ni, irú ajá kékeré kan tí irun rẹ̀ máa ń gùn; irun tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́lẹ̀. Ó ń lá ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò pẹ́ tí àárín ọmọ ìka rẹ̀ fi pọ́n, tó wú, tí irun ibẹ̀ ń re. Nígbà tó dé ẹ̀bá ojú, ìyá ọkọ mi ní kúrúnà ni, kí n má jẹ́ kó ran àwọn ọmọ. Ará ilé kan ní kí n fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò pa á lára. Májèlé ni, ajá á sì lá gbogbo rẹ̀ sínú. Mi ò gbà.

Ní ilé ìwòsàn ẹranko tó wà nítòsí wa, wọ́n wo ẹsẹ̀ náà fìrí, wọ́n ní ohun tó jẹ ni kò bá a lára mu, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ₦15,000. Yíyún náà lọ. Kò pẹ́, ó tún dé, ó le ju ti àkọ́kọ́, ọyún ti ń sun láàárín ìka. Wọ́n tún gún un. Bẹ́ẹ̀ la ń bá a yí títí àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹranko ní Abẹ́òkúta fi pè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti fi bíléèdì fá awọ rẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n fi máíkírósíkóòpù wò ó bóyá kòkòrò wà níbẹ̀?”

Mo ní rárá.

“Kí ni wọ́n wá ń gún?”

Mo ka orúkọ tó wà lórí káàdì fún un: dexamethasone. Ariwo ló pa. Steroid ni. Ó ń pa yíyún lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń dín agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà kù. Tó bá jẹ́ kòkòrò inú awọ ló ń ṣe ajá, ṣe ni abẹ́rẹ́ náà ń fún un láyè láti máa bí sí i.

Mo padà lọ, mo ní kí wọ́n fá a. Wọ́n ní ẹni tó ń lo máíkírósíkóòpù kò wá, kí n padà wá lọ́la. Nígbà tóun wá, wọ́n ní kò síná, jẹnẹrétọ̀ ò sì ní epo. Mo ní màá ra epo. Dókítà fúnra rẹ̀ jáde sí mi: “Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ ká kúkú gún un ná dìgbà tíná bá dé.” Mo ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ kankan ò ní wọ ara rẹ̀ mọ́ láìfá a.” Wọ́n ń wò mí bíi pé ìjà ni mo wá jà. Ìgbà tó yá, wọ́n ní àwọn á fi ránṣẹ́ sí láàbù níta, á tó ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ṣọyún! Mo gbé ajá mi kúrò níbẹ̀.

Níbòmíràn tí mo gbé e lọ ni mo ti fojú ara mi rí bí iṣẹ́ náà ṣe kéré tó. Dókítà obìnrin kan fún awọ àárín ìka náà pọ̀, ó fi bíléèdì tí kò mú mọ́ fá a títí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fi yọ, ó nù ún sínú òróró tó kán sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó wò ó. Kò tó ìṣẹ́jú 10. Ó ní kí n wá wo àwọn kòkòrò náà: wọ́n rí gbọọrọ bíi sìgá, ẹsẹ̀ wọn kúkúrú, gbogbo rẹ̀ wà níwájú, wọ́n ń mira. Demodex ni wọ́n ń pe kòkòrò inú awọ yìí. Ara ìyá ni ọmọ ajá ti ń kó o kété tí wọ́n bá bí i, kì í ran èèyàn. Sarcoptes, kòkòrò awọ mìíràn, lèyí tó ń ran èèyàn. Orí àga ibẹ̀ ni mo ti pe ìyá ọkọ mi.

Dókítà obìnrin náà ló tún gbé irun ẹsẹ̀ sókè tó rí ohun tí àwọn tó ń gba owó mi kò rí: èékánná àtàǹpàkò ti ká bìrí, ṣóńṣó rẹ̀ ti wọnú ẹran. Èékánná yẹn kì í kan ilẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ kì í jẹ ẹ́ kúrú. Ẹni tó ń gé irun fún un ń gé èyí tó hàn nìkan. Ní báyìí, mo máa ń dúró tì í, màá gbé irun náà sókè kí n tó sanwó.

Oògùn jíjẹ ló fún un, pẹ̀lú èyí tó ń pa ọyún, àti ọṣẹ chlorhexidine tó máa ń wà lára ajá fún ìṣẹ́jú 10 ká tó ṣàn án. Irun ti ń hù padà. Wọ́n sọ fún mi pé irun híhù kọ́ ni ká fi dá oògùn dúró, àfi tí wọ́n bá fá a lẹ́ẹ̀mejì, oṣù kan láàárín, tí wọn ò rí kòkòrò kankan. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún wa.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé tiyín lọ, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù: ṣé ẹ ní máíkírósíkóòpù, ṣé ẹni tó ń lò ó wà lónìí, ṣé iná wà? Ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, fún ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta.